Ìrìnàjò Mi sí Ògbómọ̀ṣọ́ Pẹ̀lú Dókítà Ọpọlọ Kan láti Pọ́túgà

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni èmi àti àlejò mi wọ mọ́tò ní Ìbàdàn, a dorí kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ni, láti Lisbon ní Pọ́túgà, òun náà sì ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ààrùn ọpọlọ lọ́wọ́ bíi tèmi. Résídẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe irú wa nílé ìwòsàn: a ti di dókítà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ṣì wà lórí wa, ìdánwò ṣì ń bẹ níwájú. Ó fẹ́ rí bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà níbí.

Dé Ọ̀yọ́, ìrìn dùn. A yà lẹ́bàá Akẹ̀sán kó lè rí ọjà àti ààfin, a ra omi, a tún gbéra. Lẹ́yìn Ọ̀yọ́ ni ọ̀nà fún mọ́ wa, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti bi mí pé ìgbà wo ni èmi náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo sọ òótọ́ fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan gba ìwé ìpè sí Yúróòpù fún irú ẹ̀kọ́ yìí, ó sanwó físà, wọ́n ní rárá, wọ́n gbà pé ńṣe ló fẹ́ jápa. Ó dùn mí fún un títí dòní, nítorí mo mọ̀ ọ́n, ilé ni ì bá padà sí.

Láàárín àwọn ará Yúróòpù fúnra wọn, ọ̀nà ti là tipẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni European Federation of Psychiatric Trainees, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Yúróòpù, ti wà. Àwọn résídẹ́ǹtì ló ń darí rẹ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀gá wọn, orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní ọgbọ̀n. Wọ́n máa ń fi ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wé tẹnìkejì, wọ́n ń ṣèwádìí pọ̀, ẹnì kan sì lè lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nílé ìwòsàn ilẹ̀ mìíràn. Àwa náà ní West African College of Physicians láti 1976, tó ń ṣe ìdánwò fún ará Nàìjíríà, Gánà, Sàró àti Gámbíà. Ṣùgbọ́n ìdánwò nìkan ló ń so wá pọ̀. Mo lè kàwé fún ìdánwò kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Accra fún ọdún gbọọrọ, kí n má mọ orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

A dé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ọkà láfún la sì kọ́kọ́ jẹ, pẹ̀lú ewédú. Ìṣègùn òyìnbó kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Láti 1907 ni àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn tó ti di ti Yunifásítì Bowen lónìí, LAUTECH náà sì ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pè wá wo aláìsàn kan. (Mo ti yí ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ padà.) Ìyá ọlọ́jà ni. Ó ní, "Dókítà, nǹkan ń rìn mí lórí bíi kòkòrò. Ara mi ń gbóná, àyà mi ń já." Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò mi ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Nígbà tí a jáde, ó ní tó bá jẹ́ Lisbon ni, ohun tí òun máa kọ́kọ́ rò ni pé ó ń mọ ohun tí kò sí lára, òun á sì ronú oògùn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú.

Ohun tí àwa rí yàtọ̀: ọ̀dẹ̀ orí ni, orúkọ tí Yorùbá ń pe irú nǹkan tó ń rìn ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1987. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn ló máa ń wà nídìí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀kan nínú wa padà wọlé, ó fara balẹ̀ bi í: "Mà, oorun ńkọ́? Ṣé ẹ ń jẹun?" Ìbéèrè kẹta ló fi bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, kò sì tíì sunkún náà fún ẹnikẹ́ni.

Àlejò mi wá bi wá léèrè: "Ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?" Gbogbo wa dákẹ́. Oògùn la mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀. Ìtọ́jú tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, nínú ìwé la ti ń kà á, èrò kíláníìkì kì í sì í jẹ́ ká jókòó pẹ́. Ó ní níbi tí òun ti ń kọ́ṣẹ́, résídẹ́ǹtì máa ń ṣe é, ọ̀gá a sì máa gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Ó ní kí ọ̀kan nínú wa ṣe bí aláìsàn, òun jókòó níwájú rẹ̀, ó fi hàn wá bí a ṣe ń dúró ti ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn láìsáré tù ú nínú. N kò rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Òun náà kó nǹkan lọ. Ó yà á lẹ́nu pé ìyá aláìsàn yẹn ń sùn ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mo sọ ìtàn Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Yorùbá, fún un: ó kàwé ní Birmingham àti London, ó padà wálé sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó sì mú kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti pé jọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń wádìí sisofíréníà, ààrùn tó máa ń da ọpọlọ rú, ní ìlú mẹ́sàn-án lágbàáyé, Ìbàdàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú London àti Moscow. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọwọ́ gbà-mí-o la na sí àjọṣe yìí.

Kí a tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ti fẹnu kò. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ó máa pàdé lórí fóònù, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn, Accra, Lisbon. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn kan láìdárúkọ, ọ̀gá kan láti ìhà méjèèjì á gbọ́ wa. Ará Accra ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ọlọ́jà yẹn sì ti ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ìdájí wákàtí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la máa gbé yẹ̀ wò ní Ọjọ́bọ̀ kejì.