Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo blank: ohun tí ojú mi rí lórí iyùn Florida

Ẹ̀yin tèmi tẹ́ ẹ wà nídìí postdoc (iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD), pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe microbiome (àwọn bakitéríà tó ń gbé lára ẹ̀dá), ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Blank ni mò ń sọ, ìyẹn omi mímọ́ lásán tá a máa ń ṣe nínú lab bí ẹni ń ṣe ohun gidi, ká lè mọ̀ bóyá DNA àjèjì wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì ju oṣù kan ààbọ̀ lọ, tí mo bá rántí ẹ̀ àyà mi ṣì ń já. Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí tó ṣì gbóná, torí mo mọ ara mi, tó bá tutù tán màá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara mi láre.

Ẹ mọ iṣẹ́ yẹn. Iyùn inú òkun, ẹranko ni, algae (ẹ̀dá bí ewéko inú omi) kéékèèké tó ń gbé inú ara ẹ̀ ló ń bá a fi oòrùn ṣe oúnjẹ, bakitéríà sì kún inú ara ẹ̀ àti inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó fi bora. Tí omi bá gbóná jù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á pàdánù algae yẹn, á funfun báláú, tí ooru ò bá sì tètè rọlẹ̀ ebi á pa á kú. Ohun tó gbé mi dé Florida ni pé mo fẹ́ mọ ìdí tí iyùn méjì á fi wà lójú kan náà, nínú omi kan náà, tí ọ̀kan á funfun tí èkejì á dúró. A ti mọ̀ pé irú algae tó wà lára ẹ̀ ṣe pàtàkì, àwọn tó bá ní irú algae tí wọ́n ń pè ní Durusdinium lè fara da nǹkan bí 1 sí 1.5°C lé sí i. Tèmi ni bakitéríà. Àwọn kan ti da bakitéríà rere sí ara Mussismilia hispida, iyùn Brazil, nínú tank, wọ́n gbé ooru sí i, wọ́n sì gbé e jáde ní 2021 pé ó fi 40% kún iye àwọn tó yè. Èmi wá ní kí n wá èyí tó ti wà lára iyùn fúnra ẹ̀ nínú òkun, tí ẹnì kankan ò fún un.

June 2023 la kọ́kọ́ lọ mú sample, ìyẹn ègé díẹ̀ lára iyùn. Elkhorn la mú, Acropora palmata, èyí tó yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín. Ìwé àṣẹ ẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, torí láti 2006 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń dáàbò bò. A so nọ́ńbà mọ́ 46. Nígbà tá a fi máa padà débẹ̀ lópin July, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù yẹn, ẹ̀rọ tó wà nínú omi ní Manatee Bay, Florida, ka 101.1°F, ìyẹn 38.4°C. Omi ibẹ̀ ò jìn, orí reef, ibi tí iyùn ti kóra jọ, ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iyùn Florida ò fẹ́ kó ju nǹkan bí 30 àti ààbọ̀°C lọ, tiwọn sì ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Coral Restoration Foundation, ẹgbẹ́ tó ń gbin iyùn padà, ti kéde pé gbogbo iyùn tí àwọn rí ní Sombrero Reef ló ti kú, 100%. Ṣe ni àwọn èèyàn ń kó iyùn inú nursery (ibi tí wọ́n ti ń tọ́ wọn dàgbà nínú òkun) sínú omi lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wọn sá lọ sórí ilẹ̀ bí ẹni ń kó ọmọ jáde nínú ilé tó ń jó. A gé ìwọ̀nba tá a lè gé: 21 ti funfun, 25 ṣì dúró. Nígbà tó fi máa di September, àwọn 25 yẹn náà ti kú tán. October 2025 ló jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé láti Keys títí dé Dry Tortugas, àwọn erékùṣù gúúsù Florida, 97.8 sí 100% àwọn Acropora ló lọ nínú ooru yẹn.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kò síbi tí mo ti fẹ́ padà lọ mú òmíràn.

Mo dé lab. Ẹni tó bá ti ṣe extraction iyùn (yíyọ DNA jáde lára ẹ̀) rí mọ ìyà ẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn ń fà bí ọbẹ̀ ilá, á dí column (asẹ́ kékeré tó ń dá DNA dúró), wàá tún un ṣe, á tún dí. Kí n lè ṣe é létòlétò, létòlétò lójú tèmi, mo to àwọn tó funfun sí apá kan, mo to àwọn tó dúró sí apá kejì, mo wá bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó funfun. Mo ṣe wọ́n tán, kit (páálí àwọn èròjà tá a fi ń yọ DNA) tán. Mo ṣí páálí tuntun, mo fi ṣe àwọn tó dúró.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti rí i báyìí. Èmi ò rí i fún odidi oṣù mẹ́rìnlá.

Blank ńkọ́? Mo ṣe ẹyọ kan pẹ̀lú páálí àkọ́kọ́, mi ò sì fi ránṣẹ́ fún sequencing (kíka DNA), torí iye tá à ń san lórí sample kọ̀ọ̀kan, mo ní ṣé omi lásán ni mo fẹ́ sanwó lé lórí ni. Ti páálí kejì, mi ò ṣe é rárá.

Result dé, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Ralstonia ló gba gbogbo ẹ̀. Gbogbo àwọn tó dúró ló ní in, àwọn tó funfun ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá, figure yẹn mọ́ roro. Àwọn kan sì ti ròyìn Ralstonia nínú sẹ́ẹ̀lì iyùn rí, nítorí náà mi ò fura. Mo sunkún ayọ̀ nínú mọ́tò. Mo pe Màámi n'Ìbàdàn, mo ní ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti rí ohun tó ń dá ẹ̀mí wọn sí, wọ́n gbàdúrà fún mi títí káàdì fi tán. Ọ̀gá mi ti ń wo ibi tá a máa gbé paper lọ.

Ọjọ́ lab meeting, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ PhD ló nawọ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, kò fi bú mi, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni: kit tí o fi ṣe àwọn tó dúró, ṣé òun náà lo fi ṣe àwọn tó funfun?

Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí páálí kejì yẹn, mo rí ọwọ́ ara mi tó ń fi bíléèdì la selotéèpù orí ẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀gá mi ò wo ojú mi, tábìlì ló ń wò. Mo ní màá yẹ̀ ẹ́ wò, mo jókòó, mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo wá páálí kejì lọ. Ó ku column mẹ́rin nínú ẹ̀. Mo fi omi mímọ́ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ṣe é bí ẹni ń ṣe sample, mo fi ránṣẹ́, mo dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò lè jẹun dáadáa. Ìyàwó mi ń bi mí pé kí ló dé, mo ní iṣẹ́ ni. Contract mi ń parí ní March, visa mi sì so mọ́ ọn, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ìyẹn fún un.

Ọjọ́ kẹwàá ó dé. Ralstonia, látòkè dé ìsàlẹ̀. Omi ni mo fi sí i o! Bakitéríà tí mo ní ó ń gba iyùn lọ́wọ́ ikú, inú páálí ló ti wá.

Mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ freezer, ariwo ẹ̀ ń dún lẹ́yìn mi, mo wá ń ronú pé iyùn wọ̀nyẹn ti kú, díẹ̀ tó kù nínú ẹran ara wọn láyé, èmi ni mo mú un tí mo fi ṣòfò. Paper ò dùn mí tó ìyẹn. Visa gan-an ò dùn mí tó ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Mo mọ̀. Ó kéré tán láti 2014 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kit fúnra ẹ̀ ní DNA bakitéríà nínú, Ralstonia àti Bradyrhizobium wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ, mo sì ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì ní nǹkan yìí kan náà. Kí èèyàn mọ nǹkan yàtọ̀ sí kó ṣe é ní aago mọ́kànlá alẹ́ nígbà tí owó grant ń tán lọ.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ da àwọn sample yín pọ̀ mọ́ra kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kit. Èyí tó funfun, èyí tó dúró, ti June, ti July, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín pín wọn, kó má jẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà páálí sílẹ̀. Ẹ ṣe blank, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣe blank! Ẹ ṣí tube kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi níbi tẹ́ ẹ ti ń gé iyùn, ẹ ṣe òmíràn nígbà extraction, ẹ ṣe òmíràn nígbà PCR (tẹ́ ẹ bá ń sọ DNA di púpọ̀), kẹ́ ẹ sì sanwó fún gbogbo wọn. Lára iyùn, DNA iyùn fúnra ẹ̀ ló pọ̀ jù, ti bakitéríà kéré, nítorí náà díẹ̀ tó bá ti inú kit wá á dà bí òkè lórí figure.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ má lo gbogbo sample tán. Màmá kan tó jẹ́ technician wa ló ti fi dandan lé e ní 2023 pé ká gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì, ká tọ́jú ìdajì sí freezer -80°C. Mo bínú sí i nígbà yẹn torí ó ń gba àyè. Òun ló gbà mí sílẹ̀. Mo tún 37 ṣe nínú wọn, mo dà wọ́n pọ̀, blank wà nínú gbogbo rẹ̀, Ralstonia parẹ́. Ìyàtọ̀ tó kù láàárín àwọn tó funfun àti àwọn tó dúró kéré, ṣùgbọ́n ti iyùn ni. Ọ̀gá mi fi oṣù mẹ́fà kún contract.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé kẹ́ ẹ ṣe blank. Mi ò ní èyí tó jù ú lọ.

Mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù nínú freezer tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo ti pe màmá yẹn, mo ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á máa wà lọ́wọ́ wọn.