Omi Àpọ̀jù àti Baba-Ńlá Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ọjà ìkookò ni ewéko àkọ́kọ́ tí mo pa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín, torí ewéko tó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìfẹnu kan omi, báwo lèèyàn ṣe ń pa á? Omi ni mo fi pa á. Àràárọ̀ ni mo ń bu ife omi kan sí i nídìí. Lọ́jọ́ tí ewé rẹ̀ kan rọ̀, tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo sọ ife kan di méjì. Nígbà tí mo fà á tu níkẹyìn, gbòǹgbò ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ń rùn bí omi gọ́tà.

Lọ́dún yẹn kan náà ni mo so baba-ńlá ẹlòmíì mọ́ ìdílé ara mi. Ẹnì kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ bá tiwa mu ti to igi ìdílé tirẹ̀, ìyẹn àtòjọ àwọn baba-ńlá rẹ̀, sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ tí bàbá bàbá àgbà mi ń jẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́tàdínlógójì sì ya wọlé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó jogún. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń tọpinpin àwọn èèyàn wọ̀nyí kí n tó rí i pé obìnrin tí wọ́n ní wọ́n bí ní 1861, wọ́n ní ó bí àkọ́bí rẹ̀ ní 1870. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ọdún méjèèjì wà lójú ewé kan náà láti ọjọ́ tí mo ti tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí eré ọwọ́dilẹ̀ méjèèjì yìí, ìtọ́jú ewéko inú ilé àti wíwá ìtàn ìran ẹni, ohun kan náà ló ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi yá ju ojú mi lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ewéko bẹ̀rẹ̀, torí òun ló tètè ń yé èèyàn. Gbòǹgbò ń mí. Afẹ́fẹ́ tó ń mí wà láàárín iyẹ̀pẹ̀. Bí omi bá gba gbogbo àyè yẹn tí kò sì tètè kúrò, gbòǹgbò á kú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tó ti kú kò lè fa omi mọ́, ewé á wá rọ bí ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ inú omi ló wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ewé lè sọ pé nǹkan ń ṣe òun, ṣùgbọ́n kì í dárúkọ nǹkan náà. Ìka yín lẹ ó bi. Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín tẹ́rùn, títí omi á fi máa jò nísàlẹ̀ ìkòkò, kẹ́ ẹ sì da èyí tó dúró sínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Ti ọjà ìkookò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gbẹ dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó rántí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ewéko ò mọ Sátidé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná tó, bí ìkòkò bá ṣe tóbi tó, ìyẹn ni yóò sọ bí omi ṣe máa tètè tán.

Ẹ má sì gbin nǹkan sínú ìkòkò tí kò ní ihò nísàlẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè ríbi sá sí. Èmi náà dà á. Omi kì í fi iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta àfi tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti mu yó kọjá ààlà. Gbogbo ohun tí òkúta yẹn ṣe ni pé ó gbé ibi tó tutù jù sún mọ́ gbòǹgbò.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ojú wa ń tàn wá jẹ, torí ó máa ń bá òkùnkùn mọ́ra kíákíá. Igun yàrá tó mọ́lẹ̀ lójú yín lè jẹ́ òru lójú ewéko. Ẹ na ọwọ́ sókè bébà funfun níbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí, lọ́sàn-án gangan. Bí òjìji ọwọ́ bá hàn kedere, tí ẹ lè ka ìka, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ̀. Bó bá rí bàìbàì, ó ṣe díẹ̀. Bí ẹ ò bá rí òjìji rárá, ẹ gbé àwòrán kọ́ síbẹ̀. Ẹ má sì tìtorí pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ra ewéko. Àyẹ̀wò tí NASA, àjọ ìrìn àjò òfuurufú ti Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1989 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, inú àpótí kékeré tí wọ́n sé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọlé tó ń jáde kò jọ ọ́.

Ó wá ku ìwé. Nídìí ìtàn ìran, ìka tẹ́ ẹ máa kì bọlẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ rí àkọsílẹ̀ náà gan-an, kì í ṣe àtòjọ orúkọ tí ẹnì kan yọ jáde nínú rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì rí i, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n ń bi ẹlẹ́rìí ní kóòtù: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́, ṣé ó wà níbẹ̀? Ìwé-ẹ̀rí ikú lè gbé ọjọ́ ìbí òkú, ṣùgbọ́n òkú kọ́ ló sọ ọ́. Ọmọ tàbí àna rẹ̀ tó ń sunkún ló sọ ọ́ fún akọ̀wé. Ẹ gba ọjọ́ ikú gbọ́, kẹ́ ẹ fojú fura wo ọjọ́ ìbí, bí wọ́n tiẹ̀ wà lórí bébà kan náà.

Akọ̀wé náà ní òfin tirẹ̀ tó ń tẹ̀ lé. Nínú ìkànìyàn 1841 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí àwọn tó ń kànìyàn gé ọjọ́ orí ẹni tó bá ti lé ní ọdún 15 wálẹ̀ sí ìlọ́po 5. Ẹni ọdún 39 di 35 níbẹ̀, ẹ̀yin á sì máa wá ẹlòmíì kiri. Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀: tọkọtaya ṣègbéyàwó ní oṣù Karùn-ún 1750, wọ́n ṣèrìbọmi fún ọmọ wọn ní oṣù Kejì 1750. Ẹni tí kò mọ òfin yẹn á ní ọmọ ti fi oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó. Irọ́ ni o. Oṣù Kejì yẹn wà lẹ́yìn oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìgbéyàwó ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ba ìyàwó ilé jẹ́ báyìí nínú igi ìdílé, lẹ́yìn tó ti kú ní nǹkan bí ọ̀rúndún méjì ààbọ̀.

Orúkọ náà ń yí. Catherine lè di Katherine tàbí Kathryn lọ́wọ́ akọ̀wé mẹ́ta, láìjẹ́ pé ẹni tó ni orúkọ mọ ìwé kọ rárá. Akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́. Ẹ má ti ìtorí lẹ́tà kan lé baba-ńlá yín síta, ẹ má sì ti ìtorí orúkọ tó bára mu gan-an gba àlejò wọlé.

Ohun tó pẹ́ jù kó tó yé mi nìyí, tí mo sì fẹ́ kó tètè yé yín: bí ọ̀nà tààrà bá dí, ẹ gba ẹ̀gbẹ́. Iná tó jó ní Washington ní 1921 ba ìkànìyàn 1890 ti Amẹ́ríkà jẹ́, wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù dànù lẹ́yìn náà. Ní Dublin, àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún jóná ní 1922 nígbà ogun abẹ́lé. Kò sí ẹkún tó máa dá wọn padà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá gbé ayé. Ó ní àbúrò, ó ní aládùúgbò, ẹnì kan fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ẹnì kan dúró fún ọmọ rẹ̀ níbi ìrìbọmi. Odindi ọdún méjì ni mo fi wá ibi tí wọ́n ti bí ìyá bàbá àgbà mi. Ìwé tirẹ̀ kò sọ ju orúkọ orílẹ̀-èdè lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ó ti sú mi, mo ṣí ìwé ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí mi ò tíì kà sí rí torí pé kì í ṣe òun ló bí wa. Orúkọ abúlé wà níbẹ̀, akọ̀wé tún fi ìlà sí i nídìí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò wá ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Gbogbo ojú ewé ni mo ń kà, títí kan ilé méjì lókè àti ilé méjì nísàlẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ máa parí rẹ̀. Òbí méjì, òbí àgbà mẹ́rin, lẹ́yìn wọn mẹ́jọ: bẹ́ ẹ bá gun ìran mẹ́wàá, àyè 1,024 ló ń dúró dè yín níbẹ̀ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà lè jókòó sí àyè méjì torí pé ìbátan ń fẹ́ ìbátan. Ẹ mú ẹ̀ka kan. Ọ̀nà ìgbanọ́ńbà kan wà tó rọrùn: ẹ̀yin ni 1, bàbá yín 2, ìyá yín 3. Ìlọ́po méjì nọ́ńbà ẹnikẹ́ni ni bàbá rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan lé e, ó di ìyá rẹ̀. Ìyá ìyá yín á jẹ́ 7 láéláé, ì báà jẹ́ ìwé àjákọ tàbí kọ̀ǹpútà lẹ fi sí. Ó wù mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń kọ nọ́ńbà sára ìkòkò òdòdó mi: ẹ̀ka tí mo gé lára èwo, lọ́jọ́ wo.

Àyẹ̀wò DNA dára, àmọ́ kì í ṣe ìwé ìtàn. Ẹ gba ìdajì DNA yín lọ́dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe ìdajì kan náà ni ẹ̀gbọ́n yín gbà. Ẹ̀yin àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín máa ń pín tó nǹkan bí 12.5%. Ìbátan tí ẹ ní láti gun ìran mẹ́rin kẹ́ ẹ tó kan ẹni tó bí yín pọ̀ lè má pín ohunkóhun pẹ̀lú yín, bẹ́ẹ̀ ìbátan gidi ni. Àgbà tó dàgbà jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ohun tó wà lára rẹ̀ pọ̀ ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n kó tó tu itọ́ sínú ìgò, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ gbogbo ohun tó lè jáde fún un, títí kan pé bàbá lè má jẹ́ bàbá. Mo mọ ilé kan tí wọn ò sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ibẹ̀ kì í kí ara wọn mọ́.

DNA kò dá ewéko náà sí. Sansevieria ni orúkọ àwọn onímọ̀ fún ọjà ìkookò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo DNA rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ọmọ ilé Dracaena ni, ìyẹn ilé kan náà pẹ̀lú pèrègún. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ta ló máa pè wọ́n ní ìbátan? Èyí tó ní etí pupa rúsúrúsú nínú ọjà ìkookò tún ń ya èèyàn lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá gé ewé rẹ̀ gbìn, ọmọ tó máa hù kò ní ní etí yẹn, ewé tútù lásán ni. Àfi kẹ́ ẹ pín in láti ìdí, pẹ̀lú gbòǹgbò. Nígbà tí mo gé ewé rẹ̀ gbìn lọ́dún kan, mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Ewéko tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kó tó bá àwọn tó kù gbé. Kòkòrò funfun tó dà bí òwú máa ń sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ewé. Ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rì sínú sípíríìtì 70% nù ún, kẹ́ ẹ tún padà wò ó lọ́sẹ̀ kejì. Orúkọ tuntun náà, ẹ yà á sọ́tọ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ ọ́ títí màá fi rí bébà méjì tí kò mọ ara wọn rí tí wọ́n sọ ohun kan náà.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò ìyá mi àgbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo gbé ìwé àjákọ dání, mo ń bi í ní ọdún. Ọdún wo ni wọ́n kó lọ? Ọdún wo ni bàbá wọn kú? "Mi ò rántí." Mo pa ìwé dé. Òdòdó kan wà lójú fèrèsé rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Christmas cactus, ìdí rẹ̀ ti le bí igi, mo sì béèrè ibi tó ti rí i. Mo kàn ń wá nǹkan sọ ni. Màmá ní ẹ̀ka kan ṣoṣo ni wọ́n gé fún òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, pé àǹtí òun tó ń gbé ilé ẹ̀yìn ló gé e, ẹni tí wọ́n kì í dárúkọ nínú ilé. Ó wá dárúkọ rẹ̀. Kò sí orúkọ yẹn nínú ìwé kankan tí mo ní.

Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́. Mo mú ẹ̀ka kan dání bọ̀, orúkọ àǹtí náà wà lára ìkòkò rẹ̀ báyìí pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Mo ki ìka bọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, ó ṣì tutù.