Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni oúnjẹ etí tó ń hó: ohun tí ojú mi rí àti ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Láti ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá tó kọjá ni etí mi ti ń hó, kò sì tíì dákẹ́ títí di òní. Ẹ̀yin tó ń ṣe náà mọ̀ pé kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò ṣe rí. Wọ́n á ní, "Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?" Kò dùn mí. "Ṣé o kì í gbọ́ràn ni?" Mò ń gbọ́ràn. "Kí ló wá ń ṣe ẹ́?" Ẹ̀yin náà ti dé ibẹ̀ yẹn rí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu èèyàn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ata ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ó ti lé ní ọdún 16. Ẹ̀rọ méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan ń lọ ata, ọ̀kan ń lọ ẹ̀wà àti àgbàdo, dísẹ́ẹ̀lì ni méjèèjì ń mu. Bí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́, ẹnu oníbàárà ni mo máa ń wò kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí etí mi ti máa ń hó bí mo bá délé lálẹ́. Á hó fún bíi wákàtí kan, á sì lọ. Mo kà á sí ara iṣẹ́, bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe máa ń le. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìkìlọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ Iléyá wá dé, ẹ kúkú mọ bí ata ṣe máa ń pọ̀ tó nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago mọ́kànlá alẹ́, ìdí ẹ̀rọ ni mo wà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, etí hó bó ṣe máa ń hó. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń hó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohùn kan ṣoṣo ni o. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbọ́ dà bí ìrẹ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé lásìkò òjò, ọgọ́rùn-ún ìrẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn kì í sinmi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di kẹ́tùlù tí omi rẹ̀ ti hó, tó ń súfèé fíìì, etí òsì ló sì ti le jù. Ìgbà mìíràn á dà bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù. Bí mi ò bá sùn dáadáa, á tinrín, wíìn, bí ẹ̀fọn tó há sínú nẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá di eyín mọ́ra, ohùn á yí padà. Bí mo bá yí ọrùn, á ròkè sí i. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, torí mo rò pé nǹkan abẹ̀mí kan ló wọ ibẹ̀ tó ń dá mi lóhùn.

Mo da adí gbígbóná sí i. Mo fi kọ́tìn bọ́ọ̀dù ro ó títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò gún mi lábẹ́rẹ́ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní wọ́n ń dárúkọ mi níbi tí kò dáa ni, kí n má dáhùn, kí n gbààwẹ̀. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bú ẹ̀gbọ́n mi o, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ààwẹ̀ náà sì mú kí ọkàn mi rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí tó ṣe mí léṣe jù ni pé mo ń wá ìdákẹ́rọ́rọ́ kiri. Mo rò ó pé ariwo ló fà á, ìdákẹ́ ló máa wò ó. Mo ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Mo pa rédíò tí bàbá àwọn ọmọ mi máa ń gbọ́ láràárọ̀. Àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé bàbá wọn. Bó bá di alẹ́, màá pa fáànù, màá ti fèrèsé, màá ki òwú bọ etí. Bí ilé ṣe ń dákẹ́ sí i ni etí mi ń pariwo sí i.

Ó wá di òru ọjọ́ kan. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ní nǹkan bí aago kan, jẹnẹrétọ̀ tó kẹ́yìn ládùúgbò kú, gbogbo ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Kẹ́tùlù bẹ̀rẹ̀. Kò le tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde, mo lọ sí kíṣìnnì, mo fọwọ́ kan ojú gáàsì, ó tutù. Mo gbé etí lé fíríìjì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò síná. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ró ìró mọ́ àyà, mo bọ́ sí àgbàlá, mo lọ gbé etí lé ògiri ilé kejì bí olè. Mo wọlé padà. Ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ ni mo ti pàdé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, tó dìde lọ mu omi, kọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn yẹn ń súfèé fíìì, ó wá dà bíi pé ẹnu ọmọ náà ló ti ń jáde.

Mo ní, "Yé súfèé."

Ó ní, "Mọ́mì, mi ò súfèé."

Mo ní, "Mo ní kí o yé súfèé!" Kó tó tún lanu, mo ti gbá a létí.

Kọ́ọ̀bù já bọ́, omi dà sí wa lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà di etí mú. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí nínú òkùnkùn, ó wá ní, "Mọ́mì, etí mi ń hó."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi yẹn. Èmi kì í ṣe ìyá tó ń lu ọmọ, ẹni tó bá mọ̀ mí á jẹ́rìí sí i, ẹni tó bá sì fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ lo oṣù kan láì sùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín. Ọwọ́ mi ni. Etí ọmọ mi ni. Bàbá wọn gbé tọ́ọ̀ṣì jáde, ó wò wá, ó fa ọmọ mọ́ra, ó mú un lọ sùn, ó sì padà wá jókòó tì mí. Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Mo sọ fún un pé orí mi ti fẹ́ dàrú, kí ilẹ̀ tó mọ́ kó wá ibi tó máa mú mi lọ.

Ibẹ̀ la wà títí ladáànì fi pe ìrun àsùbáà. Mọ́sáláṣí kò jìnnà sí wa. Bí ohùn yẹn ṣe gba afẹ́fẹ́ kan, kẹ́tùlù sún sẹ́yìn. Kò lọ o. Ó sún sẹ́yìn, bí ẹni tó kúrò lójú fìtílà. Àkùkọ kọ, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ níta, ọ̀kadà kan kọjá. Mo wo ojú ọkọ mi, mo ní, "Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́."

Èyí tó tẹ̀ lé e kò gùn. A lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n fa ìdọ̀tí tí mo ti fi kọ́tìn bọ́ọ̀dù tì wọ inú lọ́hùn-ún jáde. Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan, kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti gbọ́ ìró. Ìlà tí wọ́n yà sórí ìwé ń lọ geere, ó kàn jìn sí kòtò níbi tí wọ́n kọ 4,000 sí, ó sì tún gòkè. Ọmọbìnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà ní ibi tí ariwo iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ nínú etí nìyẹn. Ó ní ohun kan wà nínú etí tó dà bí irun wẹ́wẹ́, òun ló ń gbé ìró lọ fún ọpọlọ, èyí tó bá sì ti kú nínú rẹ̀ kì í hù mọ́. Mo ní bó bá ti kú, ta ló wá ń súfèé? Ó ní ọpọlọ mi ni. Bó ṣe yé mi rèé: ọpọlọ dà bí ìyá tó ń retí ọmọ tó rìnrìn àjò. Kò gbúròó ọmọ, ló bá ń tẹ́tí sílẹ̀, gbogbo ohun tó bá ta kín-ín lẹ́nu ọ̀nà, á ní ọmọ òun ti dé. Bí ilé bá wá dákẹ́, kò sí ohun tó máa mú ọkàn rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ó ní kò tíì sí oògùn tó ń pa ohùn náà. Mo sunkún níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù méjì, mo ti ń sùn mọ́jú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nìyí: ẹ má wá ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan máa dún nínú ilé, kó máa dún jẹ́jẹ́. Fáànù ń ṣe é. Rédíò tí ẹ yí sílẹ̀ débi tí ẹ ò ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ náà ń ṣe é. Èmi fi fóònù mi gba ìró òjò sílẹ̀ lọ́jọ́ tó rọ̀ sórí páànù wa, odindi wákàtí kan, òun ni mo fi ń sùn bí kò bá síná fún fáànù. Ẹ má yí i sókè títí á fi bo tinú etí mọ́lẹ̀ o, mo ṣe àṣìṣe yẹn náà, bí mo bá ti pa rédíò ni tinú etí ń padà dé tipátipá. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ wà nínú yàrá, kí ọkàn lè rí ibòmíràn lọ. Ọmọbìnrin yẹn sọ fún mi pé lọ́dún 1953, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà mú èèyàn 80 tí kò ráhùn etí rí, wọ́n fi wọ́n sínú yàrá tí ìró kankan kì í wọ̀. Kò pẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn nínú etí ara wọn. Àwọn tí kò ní nǹkan kan! Ẹ wá wo èmi tí mo ti ní in, tí mo tún ń ki òwú bọ etí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí yín wò kí ẹ tó da nǹkan sí i. Ìdọ̀tí lásán lè fà á. Oògùn lè fà á: kínínì tí a fi ń wo ibà, abẹ́rẹ́ gẹntamáísìn, ásípírìn bó bá pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ dókítà ló kọ ọ́ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà lọ bi í. Abẹ́rẹ́ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù. Bí ohùn náà bá ń lù gbì, gbì, gbì, ẹ fọwọ́ lé ọrùn ọwọ́ yín. Bó bá ń bá ẹ̀jẹ̀ yín rìn, ẹ má fi jáfara, wọ́n ní láti wo ìfúnpá yín àti ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Bí etí kan bá sì ṣàdédé di lójijì, tí kò gbọ́ràn mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Oògùn kan wà tó lè gbà á padà, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

Wọ́n tún sọ fún mi pé bí ariwo bá tó dẹ́síbẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe le tó), wákàtí 8 lóòjọ́ ni òdiwọ̀n rẹ̀. Bó bá fi 3 péré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di wákàtí 4. Bó bá tún fi 3 lé e, ó di 2. Èmi lo wákàtí 18 lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, nídìí ẹ̀rọ méjì. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà níwájú yín tó gbọ́, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ dáàbò bo etí níbi ariwo, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti délé, ẹ ṣí i sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, màá tún un sọ: òwú nínú ilé, fèrèsé títì, "ẹ dákẹ́, orí ń fọ́ mi", oúnjẹ lẹ ń gbé fún un. Kódà àwọn tí etí wọn ti ń wúwo, tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ìró ìta ń rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ sọ fún ará ilé yín pẹ̀lú. Ká ní mo ti sọ fún ọmọ yẹn pé ohùn kan ń dún létí mi ni, ì bá má súnmọ́ mi lóru yẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo mú un lọ kí wọ́n yẹ etí tirẹ̀ náà wò, kò sí ìpalára kankan. Òun ló ń tan fáànù fún mi báyìí kó tó lọ sùn, mi ò ní kó ṣe é o.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú mi, tí ẹ ń bi mí nípa ohun tí mò ń dé sí etí: ibi tí wọ́n ti ń ta akoto àti bàtà àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé ni mo ti rà á, èyí tó bo gbogbo etí, tí irin rẹ̀ gba orí kọjá. Mo ra ti ọmọ iṣẹ́ mi náà. Ẹ̀yin oníbàárà, bí mi ò bá tètè dáhùn, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ máa fi aṣọ tútù nu ohun tí ẹ ń dé sí etí náà lálaalẹ́, torí ata máa ń fọ́n sí i lára, bó bá sì gbẹ síbẹ̀, etí yín ló máa ta lọ́jọ́ kejì.