Ẹ dín spíìṣì kù, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kọ lẹ́tà FOI

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe sẹ́mínà fáwọn oníròyìn àtàwọn ọmọ mass comm, ọ̀rọ̀ yín ti ń sú mi díẹ̀díẹ̀. Ètò tẹ́ ẹ ní aago mẹ́wàá, aago méjìlá ni ọ̀gá àgbà máa tó yọjú, wọ́n á kí ọba, wọ́n á kí kọmíṣọ́nà, wọ́n á kí aṣojú kọmíṣọ́nà torí kọmíṣọ́nà ò wá, bàbá kan á wá ka ìwé gbọọrọ lórí ojúṣe oníròyìn láwùjọ, nígbà tó bá máa fi kan ìbéèrè, MC á ní àsìkò ti lọ, kẹ́ni méjì péré bi nǹkan, ó tán, ó di fọ́tò, ó di jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọmọ tó wọkọ̀ láti Ìwó wá sí Ìbàdàn, kí ló mú délé? Báàgì àti bíírò.

Èyí tí mo gbádùn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti lọ, kò sí báńà níbẹ̀ rárá. Wọ́n ti ní kí kálukú mú nǹkan tó ń da àdúgbò ẹ̀ láàmú wá, ẹnì kan ní hẹ́ltì sẹ́ńtà àwọn ò ní nọ́ọ̀sì, òmíì ní ilé ìwé tí wọ́n kọ dé lintel tí wọ́n pa tì. Wọ́n ní ó yá, ẹ kọ lẹ́tà FOI sí káńsù yín nísìnyí, ìyẹn lẹ́tà tí òfin Freedom of Information jẹ́ kí aráàlú máa fi béèrè ìwé àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Láti 2011 lòfin yìí ti wà o, àmọ́ inú yàrá yẹn lọ̀pọ̀ ọmọ ọdún àṣekágbá ti kọ́kọ́ gbọ́ pé èèyàn ò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè, kò sì dìgbà téèyàn bá jẹ́ oníròyìn, ìyá aláta gan-an lè béèrè, tí ò bá mọ̀wé kó rán ẹlòmíì. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti fèsì, wọ́n lè fi 7 míì kún un tíṣẹ́ ọ̀hún bá pọ̀, owó fọ́tòkọ́pì àti ti àdàkọ tó bá pọn dandan nìkan sì ni wọ́n lè gbà. Tí wọ́n bá fi dù yín láìtọ́, owó ìtanràn ₦500,000 ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 lẹ ní láti gba kóòtù lọ, ẹ má sùn.

Ọmọ kan kọ ọ́ pé "ẹ fún mi ní gbogbo àlàyé lórí ilé ìwé yẹn." Olùkọ́ ní rárá o, ìtàn ni wọ́n máa kọ sí ẹ. Béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀, iye tí wọ́n ti san, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ tó yẹ kó parí ẹ̀. Ìwé ni kó o béèrè, kì í ṣe èrò wọn.

Ibẹ̀ làríyànjiyàn ti bẹ́. Àgbà oníròyìn kan ní ṣebí òfin Àbújá ni, pé ìpínlẹ̀ ò ní dá wa lóhùn. Àwáwí tí wọ́n fi lé wa dànù fọ́dún gbọọrọ nìyẹn, lọ́yà tó wà níbẹ̀ wá ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ti pa á rẹ́ lóṣù kẹrin 2025, lórí ẹjọ́ kan tó wá láti Ẹdó, gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn. Ọmọbìnrin kan tún dìde, ó ní tílé iṣẹ́ ò bá sanwó oṣù ńkọ́, ṣé FOI la máa jẹ? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ tó tẹ̀lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí kan, mi ò sì rí sẹ́mínà ńlá kankan tó jẹ́ kó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe òmíì, ẹ fowó báńà gbé lọ́yà wá, ẹ fowó báàgì sanwó ọkọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ tún sọ fún wọn kí wọ́n gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà ọwọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi lẹ́tà sílẹ̀, torí sẹkitirì á ní òun ò rí i.