Ẹsẹ̀ Bàálù Tó Ń Balẹ̀, Nínú Ìṣirò Kọ̀ǹpútà

Nínú gbogbo ohun tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò nílé mi ní Abẹ́òkúta, bíbalẹ̀ bàálù ni ó ń gba àkókò mi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Inú ẹsẹ̀ bàálù ni epo àti gáàsì náítírójìn wà, àwọn ni wọ́n sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ipá ìjálulẹ̀ náà. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Lafẹ́nwá, tó ń tú ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà lọ́wọ́, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú èyí náà ni?" Ó dorí ṣọ́ọ̀kì náà kodò, epo dúdú ń kán sínú páànù, mo sì fi ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá hàn án. Irú rẹ̀ náà ni.

Ihò yẹn ló ń mú ìṣirò le. Gáàsì kò ní wàhálà púpọ̀: bí a bá ṣe ń fún un pọ̀ ni yóò ṣe máa le sí i. Ní ti epo, bí ọ̀pá tó ń wọ inú ẹsẹ̀ bàálù nígbà tó bá balẹ̀ bá fi ìlọ́po méjì eré wọlé, agbára tí epo fi ń dè é lọ́nà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Òfin Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù béèrè pé kí ẹsẹ̀ bàálù ńlá lè gba ìjálulẹ̀ mítà 3.05 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ bíbalẹ̀ ojoojúmọ́ kì í sábà tó mítà kan.

Àwòṣe, ìyẹn ẹsẹ̀ bàálù inú ìṣirò, tó mọ ìlọsókè àti ìlọsílẹ̀ nìkan ni èmi kò fara mọ́. Táyà kì í yí kó tó kan ilẹ̀, nígbà tí bàálù ńlá lè máa sá eré kìlómítà 250 ní wákàtí kan. Bí ilẹ̀ bá ti gbá táyà mú, yóò fa ẹsẹ̀ bàálù sẹ́yìn, bí táyà bá sì ti bá eré bàálù dọ́gba, ìfà náà yóò tú, ẹsẹ̀ yóò sì ta padà síwájú. Irin tó gba ìwúwo bàálù láìyẹ̀ lè sán nítorí síwá-sẹ́yìn yìí. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò yóò rí ìlà tó dán lójú kọ̀ǹpútà, yóò sì rò pé irin náà ti tó. Òótọ́ ni pé fífi í kún un ń mú kí ìṣirò pẹ́ (iná wa kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni), ṣùgbọ́n àwọn tó ń ju ojúlówó ẹsẹ̀ bàálù sílẹ̀ láti dán an wò pàápàá máa ń kọ́kọ́ yí táyà rẹ̀ sẹ́yìn kíkankíkan, kó lè bá ilẹ̀ pàdé bí ẹni pé bàálù ń sáré lóòótọ́.