Fífà ni à ń fà á, a kì í gé e

Òwúrọ̀ òní ni mo kó òdòdó lílì Pérù àkọ́kọ́ ti ọdún yìí wọlé. Ìrì ṣì wà lára ewé wọn nígbà tí mo dé ìdí ebè, àwọn tó wà níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ dé sì ti ń là. Mo máa ń dúró títí òdòdó kan tàbí méjì yóò fi là lórí igi kan, tí àwọn ìrudi yòókù yóò sì ti fi àwọ̀ wọn hàn, nítorí pé ìrudi tó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀ kì í sábà là dáadáa nínú omi.

N kò mú ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí dání lọ síbẹ̀. Ńṣe ni mo máa ń di ìsàlẹ̀ igi òdòdó náà mú nítòsí ilẹ̀, tí mo máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo sì máa ń fà á sókè ní fífà kan ṣoṣo títí yóò fi já lára gbòǹgbò tó rú u jáde. Bí ó bá já bó ṣe yẹ, ọwọ́ mi máa ń mọ̀ ọ́n kí etí mi tó gbọ́ ọ, ìdí igi náà yóò sì jáde ní funfun báláú pẹ̀lú erùpẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ òdòdó yìí yóò rò pé mò ń bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fífà yìí gan-an ló ń mú kí ó máa so òdòdó fún oṣù púpọ̀. Bí a bá gé igi náà láàárín, kùkùté rẹ̀ yóò kù nílẹ̀, gbòǹgbò kì í sì í tètè rú òmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á já láti ìdí, ojú tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti já yóò jí. Àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nìkan ni mo máa ń gé ní ọdún àkọ́kọ́ wọn, torí pé gbòǹgbò wọn kò tíì di ilẹ̀ mú, ẹni bá sì fà wọ́n yóò fa gbogbo rẹ̀ tu.

Gbogbo ọgbọ́n òdòdó yìí ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bí a bá rọra fi ìka wa erùpẹ̀ díẹ̀ kúrò, a óò rí gbòǹgbò kan tó dùbúlẹ̀ bí atalẹ̀, tí ojú tí igi ń gbà yọ wà lára rẹ̀, tí àwọn gbòǹgbò mìíràn tó funfun, tó sanra, tó sì kún fún omi sì so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Inú àwọn tó sanra yìí ni ó ń tọ́jú oúnjẹ àti omi sí. Wọ́n máa ń tètè ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí òdòdó náà fi kórìíra kí a máa hú u kiri. Bí ó bá pọn dandan kí a pín in, ìgbà ìrúwé tàbí ìgbà ìwọ́wé ni kí a ṣe é, kí a bu ilẹ̀ tó pọ̀ mọ́ ọn, kí a sì mọ̀ pé ó lè má so òdòdó tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Níbi tí omi ti máa ń dì nígbà òtútù, jíjìn tí a bá gbìn ín sí ló ń gbà á là. Mo máa ń gbìn ín jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, máa sì fi ewé gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ nípọn kí òtútù tó wọlé, pàápàá ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ilẹ̀ tí omi máa ń dúró sí ń pa á ju òtútù lọ, nítorí náà, ilẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ní láti gba yanrìn tàbí ìlẹ̀dú tó pọ̀ kí a tó gbé e síbẹ̀.

Pérù wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Chile àti Brazil ni irú rẹ̀ pọ̀ sí jù lọ, kì í sì í ṣe lílì gidi. Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko, ló sọ ọ́ ní Alstroemeria ní 1762, láti fi bọlá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Clas Alströmer, ọmọ ilẹ̀ Sweden. Púpọ̀ nínú àwọn ti Chile máa ń dàgbà nígbà òtútù, wọ́n á sì sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ bá gbẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ti Brazil máa ń dàgbà. Àmúlùmálà irú méjèèjì ló bí àwọn tó ń so òdòdó fún ìgbà gígùn báyìí. Nínú àwọn tó lè fara da òtútù, èmi kò tíì rí èyí tó ju Alstroemeria aurea lọ, oníyẹ́lò tó fẹ́ pọ́n bí ọsàn, àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Ligtu. Kí a ṣọ́ aurea o, nítorí ó máa ń ràn kiri lábẹ́ ilẹ̀ débi tí kò ní fi àyè sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀. Àwọn kúkúrú tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò rẹwà lójú, àmọ́ igi wọn kò gùn tó ohun tí a lè kó wọlé.

Bí ooru bá ti mú gan-an, mo máa ń ríi pé òdòdó ń dín kù, tí igi tí kò ní nǹkan kan lórí ju ewé lọ sì ń pọ̀ sí i. Ooru inú ilẹ̀ ló ń fa èyí, kì í ṣe ti ojú ọ̀run. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ tó yí gbòǹgbò ká bá tutù, igi olódòdó ni yóò máa rú. Bí ooru ilẹ̀ náà bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, ewé lásán ni yóò kù. Àwọn tó ń gbìn ín tà nínú ilé onígíláàsì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń la páìpù omi tútù gba inú ebè kọjá. Èmi kò ní páìpù, ṣùgbọ́n ìlẹ̀dú tí mo tẹ́ sórí ilẹ̀, omi tí mo ń bu sí ìdí rẹ̀ ní àárọ̀, àti ìbòòji díẹ̀ ní ọ̀sán ń ṣe iṣẹ́ náà dé ìwọ̀n tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo máa ń fa díẹ̀ nínú àwọn igi aláìlódòdó náà yọ pẹ̀lú kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ìdí àwọn tó kù.

Nígbà tí mo jókòó láti já ewé ìsàlẹ̀ wọn dànù, mo tún wo bí ewé náà ṣe yí. Ibi tí ewé ti so mọ́ igi ni ó ti lọ́ po, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ewé ló ń wo òkè, tí ojú rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀. Kò sí ewé kan lára igi náà tí kò yí bẹ́ẹ̀, n kì í sì í yé wò ó. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò yìí, nítorí oje rẹ̀ máa ń mú kí ìka àwọn tó ń tọ́jú òdòdó sán, kí ó sì máa yún wọn.

Ewé ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n kí òdòdó tó rẹ̀, nítorí náà díẹ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀. Mo gé ìdí igi náà ní dídagun, mo kó wọn sínú omi mímọ́ tí n óò máa pààrọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, mo sì gbé wọn jìnnà sí ibi tí èso pípọ́n wà, torí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara èso jáde máa ń mú kí òdòdó tètè wọ́. Wọ́n á lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní òórùn kankan. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó dára fún yàrá aláìsàn àti fún orí tábìlì oúnjẹ. Fún ẹni tó ń sin ológbò, lílì gidi lè ba kíndìnrín ológbò jẹ́ títí yóò fi kú, àmọ́ èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè da inú rẹ̀ rú bí ó bá jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, n óò padà lọ wo ebè bóyá ìgbín tí kò ní ìkarahun ti wá jẹ àwọn ẹ̀hù tuntun, nítorí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí ni wọ́n fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn èyí, èso aurea ni n óò máa ṣọ́ títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi ń parí lọ: èèpo rẹ̀ máa ń bẹ́ lójijì, yóò sì fọ́n irúgbìn ká, nítorí náà mo ní láti so àpò bébà mọ́ díẹ̀ nínú wọn kí wọ́n tó gbẹ. Mo fẹ́ gbìn wọ́n sínú ìkòkò, kí n fi wọ́n sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n sì gbé wọn sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn kí n tó dá wọn padà sínú ooru.