Ojú Ewé Mẹ́ta Jágbajàgba

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Jámánì ló kọ ímeèlì sí mi: "Àbúrò, lẹ́tà ìpè fún físà rẹ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Tètè lọ tẹ̀ ẹ́." Mo wo ìsàlẹ̀ lórí fóònù mi. Fáìlì kan ṣoṣo: smime.p7s, KB 5.

Lẹ́tà físà, KB 5! Ó yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n èmi Injiníà tí gbogbo àdúgbò ń gbé kọ̀ǹpútà wá bá, ṣé èmi ni fáìlì máa fojú di? Mo fi Word ṣí i, kò ṣí. Mo yí orúkọ rẹ̀ sí .pdf, bí ẹni wọ agbádá fún ewúrẹ́ tó wá ń retí kó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ni mo bá fi Notepad ṣí i. Òdo kan ló ṣíwájú, jágbajàgba tẹ̀ lé e, àfi bí i pé adìẹ ló rìn lórí kíbọ́ọ̀dù. Àmọ́ láàárín rẹ̀ ni mo ti rí ímeèlì bùọ̀dá mi rekete. Mo pariwo, "Ó ti ń ṣí!"

Mo sáré lọ tẹ̀ ẹ́: ojú ewé mẹ́ta, ₦100 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin tó ń bá wa tẹ̀wé wò ó, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Lárúbáwá lèyí?"

"Jámánì ni." Mo tún gbé àgbọ̀n sókè.

Ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà ni p7s, kì í ṣe ìwé kíkà. Sátífíkéètì ẹni tó kọ lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, àti ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ṣe lórí lẹ́tà náà tó fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹni náà dì. Kọ́mà kan yí padà, ìṣirò ò bára mu mọ́. Nítorí náà, òun nìkan ò lè jẹ́rìí. Odidi ímeèlì ló ń fẹ́. Áàpù tí kò bá gbọ́ èdè rẹ̀ ló máa ń jù ú sísàlẹ̀ bíi fáìlì lásán. (p7m ló yàtọ̀: inú ẹ̀ ni lẹ́tà fúnra rẹ̀ máa ń wà. Tí ẹ bá sì rí signature.asc, ìfọwọ́sí náà ni, ti PGP, ọ̀nà ìfọwọ́sí mìíràn.)

Bùọ̀dá ti tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kùn pé àwa ará ilé ò mọ kọ̀ǹpútà, kí n tó rántí Thunderbird, áàpù ímeèlì tó gbọ́ èdè p7s. Mo fi ṣí ímeèlì náà, mo tẹ bọ́tìnnì S/MIME, orúkọ irú ìfọwọ́sí yìí, lókè rẹ̀. Ìfọwọ́sí pé pérépéré! Bùọ̀dá mi gan-an ló kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà.

Lẹ́tà físà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọn ò so ó mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ìfọwọ́sí.

Ọmọbìnrin ìtẹ̀wé wá ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n kọ́ òun lédè Jámánì.